Wáyà, Ìka Irin àti Kọ̀ǹpútà: Àsọyé lórí Bí a ti ń ṣe Sípíríǹgì

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ètò àsọyé wọ̀nyí kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ kan tí ayé òde-òní ń lò, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó rò pé ọkọ̀ òfúrufú tàbí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni àwa yóò mú. Ohun kékeré kan ni a mú, ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ẹni tí ń bèèrè ibi tí ó ti wá: sípíríǹgì, èyíinì ni wáyà irin tí a ká bí ejò ti í ká, tí ó jẹ́ pé bí a bá tẹ̀ ẹ́ yóò súnkì, bí a bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀ yóò padà sí ipò rẹ̀.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò ní i lára tàbí ní ilé. Bírò tí akọ̀wé wa fi ń kọ orúkọ àwọn tí ó wá, èyí tí a ń tẹ̀ ní orí kí ẹnu rẹ̀ ó tó yọ jáde, sípíríǹgì ni ó wà nínú rẹ̀. Àgádágodo, agboorùn tí ń ṣí fúnra rẹ̀, ìjókòó kẹ̀kẹ́, ibùsùn, ẹsẹ̀ alùpùpù tí ń gbé wa kọjá nínú kòtò ojú ọ̀nà wa (kòtò náà kò sì níye), gbogbo wọn ni ó ní i. Nínú dùùrù ilé ìsìn, irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń gba inú fèrè rẹ̀ kọjá, ìdérí kékeré kan wà nínú àpótí afẹ́fẹ́ fún kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan tí ìka adùùrù ń tẹ̀. Sípíríǹgì ni ó ń dá ìdérí náà padà kí ohùn ó lè dákẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹ́, fèrè kan yóò máa ké láìdá títí orin yóò fi tán, gbogbo ìjọ yóò sì mọ̀ pé nǹkan ṣe.

Ìdí mìíràn tún wà tí a fi yàn án. Àwọn ọ̀dọ́ a máa bi wá pé, bí kọ̀ǹpútà bá ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́, iṣẹ́ wo ni ó kù fún àwọn láti kọ́? Ìbéèrè tí ó wúwo ni, a kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán dá a lóhùn. Iṣẹ́ sípíríǹgì dára láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé kọ̀ǹpútà ti wọ inú iṣẹ́ yìí tán, a sì lè na ìka sí ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ènìyàn àti ohun tí kò tí ì lè gbà.

Ẹni tí ó wádìí agbára sípíríǹgì tí ó sì fi òfin rẹ̀ lélẹ̀ ni Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A bí i ní ọdún 1635 ní Freshwater, ní erékùṣù Wight, níbi tí baba rẹ̀ gbé jẹ́ àlùfáà. (Inú àwa àlùfáà a máa dùn láti rántí irú nǹkan báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá láàyè.) Ní ọdún 1676, ní òpin ìwé kan tí ó kọ lórí ohun mìíràn, ó to àwọn lẹ́tà kan jọ gẹ́gẹ́ bí a ti í tò wọ́n nínú ìwé a-b-d, láìsí ọ̀rọ̀ kankan tí ènìyàn lè kà nínú wọn. Òfin sípíríǹgì ni ó fi pamọ́ síbẹ̀ ní èdè Látìnì, kí ẹlòmíràn má bàa gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, kí òun sì lè fi hàn lẹ́yìn ọ̀la pé òun ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1678, ni ó tó tú àdììtú náà sílẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu, nítorí pé ní 1675 ni Christiaan Huygens, ará Hólándì, fi aago kan hàn tí sípíríǹgì wẹ́ẹ́rẹ́ ń mú ìrìn rẹ̀ dọ́gba, tí Hooke sì ń jà pé òun ti ro èrò náà ṣáájú rẹ̀. Ìjà àwọn ọ̀mọ̀wé kò yàtọ̀ sí ìjà àwọn tí ń du ààlà oko.

Òfin náà kò ṣòro. Bí ìwọ̀n kìlógíráàmù 1 bá fa sípíríǹgì gùn sí i ní ìbú ìka 1, kìlógíráàmù 2 yóò fà á ní ìbú ìka 2, kìlógíráàmù 3 yóò fà á ní ìbú ìka 3. Bí agbára ti pọ̀ sí i ni fífà rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ní ọ̀gbọọgba. Lórí èyí ni a gbé kọ́ ìwọ̀n tí àwọn alájàpá fi ń gbé ẹrù kọ́ láti mọ bí ó ti wúwo tó. Ṣùgbọ́n ààlà wà. Bí a bá fà á kọjá ààlà náà, kò ní padà sí ipò rẹ̀ mọ́. Irin náà ti gba ìtẹ̀sí tuntun, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí ó lè mú un padà.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọ̀rọ̀ náà díẹ̀ sí i, nítorí pé ibí yìí ni ìdí gbogbo wàhálà àwọn tí ń ṣe sípíríǹgì wà. Nígbà tí a bá tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀, ó dàbí ẹni pé àwọn òrùka rẹ̀ ni ó ń súnmọ́ ara wọn, a sì ń rò pé irin náà ń tẹ̀ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wáyà náà ń lọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí obìnrin ti í lọ́ aṣọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kí omi ó lè jáde lára rẹ̀. Nítorí pé lílọ́ ni, bí wáyà náà ti nípọn tó ni ohun tí ó lágbára jù lọ nínú ọ̀ràn náà. Bí a bá sọ ìnípọn wáyà di ìlọ́po méjì, tí a kò sì yí ohun mìíràn padà, líle sípíríǹgì náà yóò di ìlọ́po 16. Bí a bá sọ fífẹ̀ òrùka di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ yóò dínkù di ìdá kan nínú 8. Bí a bá sọ iye òrùka di ìlọ́po méjì, yóò dínkù di ìdajì.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ náà. Bí wáyà tí ó yẹ kí ó nípọn ní mìlímítà 2 bá fi mìlímítà 0.02 ju bẹ́ẹ̀ lọ, èyíinì ni ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, sípíríǹgì náà yóò fi bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún le ju bí a ti fẹ́ lọ. Irun orí wa pàápàá nípọn ju 0.02 yìí lọ. Ojú kò lè rí i, ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n sípíríǹgì mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó rà á yóò sì mọ̀ pẹ̀lú.

Ní ayé àtijọ́, ọwọ́ ni a fi ń ká sípíríǹgì. A ó mú ọ̀pá irin kan, a ó de orí wáyà mọ́ ọn, a ó sì máa yí ọ̀pá náà bí a ti ń fa wáyà le. Bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, sípíríǹgì yóò tú díẹ̀, òrùka rẹ̀ yóò sì fẹ̀ ju ọ̀pá náà lọ, nítorí pé irin tí ó le kì í gbàgbé pé títọ́ ni òun wà rí. Nítorí náà ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ihò tí a ń fẹ́ nínú sípíríǹgì lọ. Yóò ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó? Ìwé nìkan kò lè sọ èyí tán. Irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń tú ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kódà ìdì wáyà méjì tí ó ti ilé-iṣẹ́ kan náà wá lè ṣàìdọ́gba. Ẹni tí ó ti ṣe é pẹ́ ni ó ń mọ̀, ìmọ̀ rẹ̀ sì wà ní ìka ọwọ́ rẹ̀.

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni iṣẹ́ náà di ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Ní Redditch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí abẹ́rẹ́, Herbert Terry bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1855. (Ilé-iṣẹ́ náà ni ó wá ṣe fìtílà orí tábìlì tí a ń pè ní Anglepoise, tí George Carwardine ronú rẹ̀ ní 1932, tí sípíríǹgì ń gbé apá rẹ̀ dúró níbikíbi tí a bá fi í sí.) Ní Bristol, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, Wallace Barnes bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1857. Sípíríǹgì aago ni ó ń ṣe, àti irin tí a ń fi sí inú yẹ̀rì àwọn obìnrin, nítorí pé ní ìgbà náà àwọn obìnrin ilẹ̀ òyìnbó a máa wọ yẹ̀rì tí ó fẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bí agboorùn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni méjì kò lè gba ẹnu ọ̀nà kan. Àṣà náà kọjá lọ láìpẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà kò kọjá lọ, nítorí aago kò kọjá.

Ẹ̀rọ tí ó dìde láti gba iṣẹ́ ọ̀pá náà kò lo ọ̀pá rárá láti fi ká wáyà, èyí sì ni ohun tí ó wù wá jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. A gbé ìdì wáyà ńlá sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Wáyà náà yóò kọ́kọ́ gba àárín àwọn àgbá kéékèèké kọjá, tí wọn yóò tọ́ ọ, nítorí pé ó ti ká nínú ìdì. Lẹ́yìn náà àgbá méjì tí ó le yóò fún un mọ́ àárín, wọn yóò sì máa tì í síwájú gba inú ihò tóóró kan. Níwájú ihò náà gan-an ni ìka irin kan wà, tí a la ojú rẹ̀ kí wáyà má bàa yọ̀ kúrò. Wáyà náà kò lè lọ síwájú, àgbá kò sì jẹ́ kí ó padà sẹ́yìn. Nítorí náà ó tẹ̀. Bí a ti ń tì í sí i bẹ́ẹ̀ ni ó ń tẹ̀ sí i, ó ń yí, ó sì di òrùka, òrùka kan lórí òmíràn. Ọmọdé tí ó bá ti ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan mọ́ ògiri ti rí irú rẹ̀. Bí ìka irin náà bá súnmọ́ ihò, òrùka yóò kéré. Bí ó bá jìnnà sí i, òrùka yóò fẹ̀. Irin kejì tí ó ní etí bí èèkàn ń wọ àárín òrùka kan àti èkejì láti yà wọ́n nípa. Nígbà tí iye òrùka bá pé, ọ̀bẹ kan yóò sọ̀ kalẹ̀ gé wáyà náà, sípíríǹgì yóò sì bọ́ sínú garawa. Gbogbo èyí kò gba ìṣẹ́jú àáyá kan fún sípíríǹgì kékeré.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ fún ìka irin náà ìgbà tí yóò súnmọ́ tàbí tí yóò jìnnà? Fún ọdún púpọ̀, irin pẹlẹbẹ rìbìtì kan ni, tí a gé etí rẹ̀ ní wíwọ́, ibì kan ga, ibì kan rẹlẹ̀. Kámù ni àwọn ẹlẹ́rọ ń pè é. Bí ó ti ń yí, ibi gíga rẹ̀ ń ti ìka náà, ibi rírẹlẹ̀ rẹ̀ ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Kámù kan wà fún ìka, òmíràn wà fún irin ìyànípa, òmíràn fún ọ̀bẹ. Gbogbo òye sípíríǹgì náà wà nínú etí kámù, bẹ́ẹ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ ṣe kámù mìíràn tàbí kí a yí ìtò rẹ̀ padà nígbàkígbà tí oníbàárà bá fẹ́ irú sípíríǹgì mìíràn.

Ẹni tí ń ṣe èyí ni olùtò ẹ̀rọ. Ó ní láti tú ẹ̀rọ palẹ̀, kí ó fi ayùn ìrẹ́rin rẹ́ kámù díẹ̀, kí ó dì í padà, kí ó ká sípíríǹgì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó wọ̀n wọ́n, kí ó tún tú u. Ó lè lo wákàtí púpọ̀ báyìí, nígbà mìíràn ó lè lo odindi ọjọ́ kan, kí ẹ̀rọ tí yóò ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún sípíríǹgì ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ ọgọ́rùn-ún péré kò rí ẹni gba iṣẹ́ rẹ̀, àfi kí ó san owó gegere. Ọdún púpọ̀ sì ni ọmọ-iṣẹ́ fi ń kọ́ ọ. A kò gbọdọ̀ fojú kéré àwọn olùtò ẹ̀rọ wọ̀nyí. Láìsí wọn, kò bá tí sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní títì.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí sípíríǹgì. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Parsons, ní Traverse City ní ìpínlẹ̀ Michigan, ń ṣe apá tí ń yí ní orí bàálù hẹlikópítà. Wíwọ́ apá náà ṣòro láti fi ojú àti ọwọ́ bá dọ́gba, ó sì ronú pé bí a bá lè ṣe ìṣirò gbogbo ibi tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ yóò dé, kí nìdí tí a kò fi ní jẹ́ kí iye wọ̀nyí fúnra wọn darí ọ̀bẹ náà? Ní 1949 ni iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ń pè ní MIT, ní ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní 1952 sì ni wọ́n fi ẹ̀rọ agérin kan han gbogbo ènìyàn, tí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lu ní ihò ń sọ fún un bí yóò ti rìn. Ihò lára ìwé kì í ṣe ohun tuntun. Joseph-Marie Jacquard, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ti fi pátákó ìwé oníhò darí òfì ìhunṣọ láti 1804, tí ahunṣọ kan fi lè hun òdòdó sí ara ṣẹ́dà láìsí ọmọ-iṣẹ́ tí ń fa okùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo àwọn tí ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn yóò tètè mọ ohun tí a ń sọ, nítorí pé ẹ mọ bí ó ti ṣòro tó láti mọ òwú tí yóò gòkè àti èyí tí yóò dúró.

Kọ̀ǹpútà ìgbà 1952 tóbi bí iyàrá. Kò sí oníṣẹ́ sípíríǹgì tí ó lè ra irú rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Intel mú ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan jáde ní 1971 tí kò tóbi ju èékánná lọ, ọ̀nà là. Lẹ́yìn 1980 ni ẹ̀rọ ìkáwáyà tí kọ̀ǹpútà ń darí bẹ̀rẹ̀ sí tàn ká àwọn ilé-iṣẹ́. Lára àwọn tí ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Wafios ní ìlú Reutlingen, ní gúúsù Jámánì, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1893, nígbà tí kò sí ẹni tí ó lá àlá kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn wà ní Jàpáánì, ní Switzerland, ní Ítálì, àti ní Ṣáínà.

Kí ni ó yí padà? Àgbá wà síbẹ̀, ìka irin wà síbẹ̀, ọ̀bẹ wà síbẹ̀. Kámù ni ó lọ. Dípò kí igi ẹ̀rọ kan ṣoṣo máa yí gbogbo kámù pọ̀, a fún ohun kọ̀ọ̀kan ní mọ́tò iná mànàmáná tirẹ̀: ọ̀kan fún àgbá, ọ̀kan fún ìka, ọ̀kan fún irin ìyànípa, ọ̀kan fún ọ̀bẹ. Lára mọ́tò kọ̀ọ̀kan ni ohun ìwọ̀n kan wà tí ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà pé, ibi báyìí ni mo dé. Kọ̀ǹpútà yóò fi ìròyìn náà wé ibi tí ó yẹ kí ó dé, bí ìyàtọ̀ bá sì wà, yóò tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yóò kọ iye sí ojú ẹ̀rọ: ìnípọn wáyà, fífẹ̀ òrùka, iye òrùka, gígùn, àti bóyá apá ọ̀tún ni yóò ká sí tàbí apá òsì. Kọ̀ǹpútà yóò ṣírò ìyókù. Bí oníbàárà bá fẹ́ kí sípíríǹgì ó ní ikùn bí àgbá, tàbí kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ní àárín bíi ti inú ibùsùn, tàbí kí ó ṣe sóńsó ní orí, ohun tí ń gba olùtò àtijọ́ ní ọ̀sán gbọọrọ di ọ̀rọ̀ iye mélòó kan. Bí a bá sì ti ṣe irú rẹ̀ rí, gbogbo iye wọ̀nyí wà ní ìpamọ́. A ó pè é padà bí a ti í ṣí ìwé orin sí nọ́ḿbà tí a fẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ ọgọ́rùn-ún péré ti wá rí ẹni gba iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà tún ń wọn ara iṣẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀bẹ ó tó gé e, orí sípíríǹgì yóò dé iwájú ohun ìwọ̀n kan, tàbí kí kámẹ́rà máa wò ó. Bí ó bá gùn jù tàbí bí ó bá kúrú jù, ilẹ̀kùn kékeré kan yóò ṣí, yóò sì dà á sí garawa àwọn tí a kọ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá sì rí i pé gígùn wọn ń yẹ̀ sí ọ̀nà kan díẹ̀díẹ̀, yóò sún irin ìyànípa kí èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn ó lè bọ́ sí ipò. Ẹ̀rọ tí ń ká sípíríǹgì kéékèèké lè ṣe ju 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan báyìí, tọ̀sán tòru.

Àwọn kan yóò gbọ́ èyí, wọn yóò sì wí pé kọ̀ǹpútà ti mọ iṣẹ́ náà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Iye ni ó mọ̀. Kò mọ irin. Bí ìdì wáyà bá tán, tí a sì gbé òmíràn sí i tí ó fi díẹ̀ le ju ti ìṣáájú lọ, wáyà tuntun náà yóò tú ju bí kọ̀ǹpútà ti ṣírò lọ, ẹnìkan ni yóò sì dúró tì í láti tún iye ṣe títí yóò fi dára. Kò mọ̀ pé ojú ìka irin ti jẹ, tí ó sì ń họ ara wáyà bí ó ti ń kọjá. Gígùn sípíríǹgì tí ó ní hínhọ lára lè pé, fífẹ̀ rẹ̀ lè pé, yóò sì gba iwájú ohun ìwọ̀n kọjá pẹ̀lú ọlá. Ẹni tí ó bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, tí ó fi èékánná kàn án, ni yóò mọ̀ pé ó ní àrùn.

Ẹ má ṣe rò pé hínhọ kékeré kò já mọ́ nǹkan. Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ìdérí wà tí ń ṣí tí ó sì ń pa dé kí epo àti afẹ́fẹ́ ó lè wọlé, kí èéfín ó sì lè jáde. Sípíríǹgì ni ó ń pa á dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́nà 1,500, èyíinì ni 3,000, ní ìṣẹ́jú kan, sípíríǹgì náà yóò súnkì ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú náà. Ó di 90,000 ní wákàtí kan. Láti Èkó dé Ìbàdàn, bí ọ̀nà bá dá tí a fi wákàtí méjì dé, ó di 180,000, kí a tó ronú àtipadà. Ibi tí hínhọ bá wà ni irin yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí là, ìlà náà yóò máa jìn sí i díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá lọ́, títí ọjọ́ kan yóò fi ṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí sípíríǹgì yìí bá ṣẹ́, ìdérí lè bọ́ sílẹ̀ kí orí písítìnnì ó lù ú, a ó sì ní ẹ́ńjìnnì tí ó fọ́ àti èrò tí ó dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà lóru.

Nítorí náà iṣẹ́ kò tán nígbà tí sípíríǹgì bọ́ sínú garawa. Kíká tí a ká a ti fi ìnira sí inú irin. A óò kó o sínú ààrò tí ó gbóná ní bí ìwọ̀n 200 sí 300, fún bí ìdajì wákàtí, kí ìnira náà ó lè rọ̀. A ó rẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì pẹlẹbẹ kí ó lè dúró ṣánṣán. Èyí tí yóò lọ sínú ẹ́ńjìnnì, a ó tún fi ọ̀tà irin wẹ́wẹ́ rọ̀jò lù ú. Èyí lè dàbí ìwà wèrè, kí a máa lu ohun tí a kò fẹ́ kí ó ní àbùkù. Ṣùgbọ́n lílù náà ń fún awọ irin pọ̀, irin tí a sì fún pọ̀ kì í tètè là. Ó ń mú kí ó pẹ́ ju bí ìbá ti pẹ́ lọ.

Kì í ṣe gbogbo sípíríǹgì ni ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́, a gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Richard James, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Philadelphia, rí i ní 1943 bí sípíríǹgì kan ti bọ́ láti orí pẹpẹ tí ó sì ń rìn. Ó ká wáyà gígùn bí ẹsẹ̀ bàtà 80 sí sípíríǹgì rírọ̀ kan, Betty aya rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Slinky. Ní oṣù November 1945 wọ́n gbé 400 lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gimbels, gbogbo rẹ̀ sì tán láàárín wákàtí kan àbọ̀. Ohun ìṣeré ọmọdé tí ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn! Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ rọ̀ ju èkejì lọ, kò sí ọmọ tí yóò sunkún. Ṣùgbọ́n irú àgbá kan náà àti irú ìka irin kan náà ni ó lè ká méjèèjì, àti èyí tí a fi ń ṣeré àti èyí tí a fi ń rìn lóru.

A ti ṣèlérí pé a ó dáhùn ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn nínú òwò yìí, kò sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa wọn sípíríǹgì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó máa ṣa èyí tí ó dára kúrò lára èyí tí kò dára, ẹ̀rọ ń ṣe é fúnra rẹ̀ nísinsìnyí. Ibi tí ènìyàn gbé ń dúró ti ẹ̀rọ kan, ẹnìkan náà ń rìn láàárín ẹ̀rọ mélòó kan. Àwọn tí ó ń sọ pé kò sí ẹni tí ó pàdánù ń sọ ọ̀rọ̀ dídùn, ó sì máa ń jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn kò sí lára èyí tí ó lọ. Ti olùtò ẹ̀rọ yàtọ̀. Ayùn ìrẹ́rin ni kọ̀ǹpútà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àti wákàtí tí ó fi ń tú tí ó fi ń dì. Ojú tí ó fi ń mọ wáyà burúkú kù sí i lọ́wọ́, a sì nílò rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń ṣe 100 ní ìṣẹ́jú kan lè ba 6,000 jẹ́ ní wákàtí kan bí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀.

Nípa ohun tí ó yẹ ní kíkọ́, a rí ohun méjì, wọ́n sì súnmọ́ wa ju bí a ti rò lọ. Èkíní ni ìṣirò, irú èyí tí a fi mọ̀ pé ìlọ́po méjì lè di ìlọ́po 16. Èkejì wà ní abẹ́ àtíbàbà alágbẹ̀dẹ. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa a máa ra sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí ó ti gbó lára ọkọ̀ akẹ́rù láti fi rọ àdá àti ọkọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé irin náà ni ojú rẹ̀ ń mú tí kì í tètè kú. Wọ́n mọ ìgbà tí yóò pọ́n nínú iná tó, ìgbà tí a ó tì í bọ omi, àti pé bí a kò bá tún fi ooru díẹ̀ rọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà yóò ṣẹ́ bí àwo. Ọ̀rọ̀ kan náà ni onímọ̀ ẹ̀rọ ní Reutlingen ń bá ààrò rẹ̀ sọ. Ọmọ tí ó bá lè jókòó ti àwọn méjèèjì, olùkọ́ ìṣirò ní àárọ̀ àti alágbẹ̀dẹ ní ìrọ̀lẹ́, kò ní dúró bí àlejò níwájú ẹ̀rọ ìkáwáyà. Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ òbí tí wọ́n lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ kò fẹ́ kí a rí ọmọ wọn ní abẹ́ àtíbàbà náà, bí ẹni pé èédú ń ba ìwé jẹ́.

Alàgbà Alága, a ti gba àkókò tí ẹ fún wa. Sípíríǹgì mẹ́ta wà lórí tábìlì yìí: ọ̀kan láti inú bírò, ọ̀kan láti inú ibùsùn, àti ọ̀kan láti inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́, ẹ wá wò wọ́n nígbà tí a bá jáde. Ẹ gbé ti ẹ́ńjìnnì sí abẹ́ fìtílà, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ kò dán bí ti bírò, ó dàbí ẹni pé a ti fi yanrìn lù ú; ojú ọ̀tà irin wẹ́wẹ́ nì ni. Ẹ fi ìka tọ́ orí rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé a rẹ́ ẹ, ẹ ó sì rí i pé orí ti bírò kò ní rírẹ́. Ti ibùsùn ni kí àwọn ọmọdé ó mú, nítorí òun nìkan ni kò ní sọnù.